Okùn B Lẹ Fẹ́ Rà: Bí A Ṣe Ń Yan Gìtá Báàsì Olókùn Márùn-ún Tí Kò Wọ́n

Ẹ gbé gìtá báàsì olókùn mẹ́rin àti olókùn márùn-ún tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Okùn E, A, D àti G wà lára méjèèjì. Ohun tí ọ̀kan fi ju ìkejì lọ ò ju okùn kan ṣoṣo: B. Òun ló nípọn jù, òun ló sì wà lókè pátápátá nígbà tí ẹ bá gbé gìtá kọ́ èjìká. Owó tí ẹ fi lé e, okùn yẹn lẹ fi rà. Bí ó bá wá ń dún bọ̀ọ̀ bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti rọ̀, olókùn mẹ́rin lẹ gbé lọ sílé, iye olókùn márùn-ún lẹ kàn san. Ara gìtá tí kò wọ́n ni B sì ti máa ń yọnu jù, torí pé àbùkù kékeré tí okùn yòókù lè bò mọ́lẹ̀, B kì í bò ó.

Nítorí náà, okùn B la máa fi wo gbogbo nǹkan níbí: ọrùn gìtá, bridge (irin ìsàlẹ̀ tí okùn so mọ́), pickup (ohun tí magnet inú rẹ̀ ń gba ohùn okùn), títí kan owó tó yẹ kó kù lápò lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán.

Ṣé ẹ nílò rẹ̀ lóòótọ́?

Ohùn tó wálẹ̀ jù lórí olókùn mẹ́rin ni E tí a kò tẹ̀. B fi ohùn márùn-ún kún un nísàlẹ̀: E-flat, D, D-flat, C àti B fúnra rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń kọrin ní E-flat tàbí ní C, ẹ ti mọ ìṣòro náà. Lórí olókùn mẹ́rin, ẹ ní láti gbé ohùn tí kọ́ọ̀dù dúró lé lọ sókè, ìsàlẹ̀ orin á sì ṣófo níbi tó yẹ kó ti wúwo jù.

Àǹfààní kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn. Lórí okùn B, E wà ní fret 5 (fret ni ìlà irin tó dábùú ọrùn gìtá), F wà ní fret 6, G wà ní fret 8. Láti fret 5 lórí B títí dé fret 9 lórí G, octave méjì gbáko (octave kan ni láti E kan dé E tó tẹ̀ lé e) ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ò sì ní láti kúrò lójú kan. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú, tàbí tí ọrùn ọwọ́ máa ń ro ó bó bá ń na ọwọ́ lọ sí fret 1, èyí nìkan tó ìdí fún un láti ra olókùn márùn-ún, kódà bí kò bá ta B lásán lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orin kan tàbí méjì péré ló ń béèrè D nísàlẹ̀, ẹ rọ okùn E olókùn mẹ́rin yín wálẹ̀ sí D, kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ sì tún lè fi B, E, A àti D sí olókùn mẹ́rin. Ẹ máa fẹ ojú nut, ìyẹn ègé kékeré tí okùn gbà kọjá níparí ọrùn lápá orí gìtá, kí okùn tó nípọn lè wọ̀ ọ́, ẹ ó sì pàdánù G. Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gun òkè ọrùn lè fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń ra èyí tí ẹlòmíì ti lò: ẹ béèrè irú okùn tó wà lára rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olókùn márùn-ún ló ní B. Àwọn kan fi C kún òkè, ó di E, A, D, G, C. Bass V tí Fender gbé jáde lọ́dún 1965, C òkè ló ní. Nut tí wọ́n gé fún C tín-ín-rín kò lè gba B láìjẹ́ pé wọ́n tún un gé.

Ìdí tí B fi máa ń ṣòro

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, E máa ń gbọ̀n nígbà 41, B máa ń gbọ̀n nígbà 31. Síbẹ̀, gígùn kan náà ni wọ́n. Kí okùn tó lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìgùn sí i, àfi kó nípọn tàbí kó rọ̀. Méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ sí B. Èyí tó wọ́pọ̀ nípọn tó 0.130 íǹṣì, ìyẹn mílímítà 3.3, síbẹ̀ kì í sábà le tó E. Okùn tó nípọn tó sì rọ̀ máa ń ṣe bí ọ̀pá irin: àwọn ohùn kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ kì í bá ohùn ńlá dọ́gba mọ́, etí á máa gbọ́ ariwo níbi tó yẹ kó ti gbọ́ ohùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ scale ti wọlé, ìyẹn gígùn tí okùn ń gbọ̀n láàárín nut àti saddle (ibi tí okùn jókòó lé lára bridge). Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí kò wọ́n jẹ́ íǹṣì 34, tí í ṣe mílímítà 864. Àwọn kan jẹ́ íǹṣì 35, mílímítà 889. Íǹṣì kan yẹn máa ń fi nǹkan bí ìpín 6 nínú 100 kún bí okùn kan náà ṣe le tó ní ohùn kan náà. Etí á gbọ́ ọ, ọwọ́ á sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ọrùn tó le dáadáa pẹ̀lú okùn tuntun lórí íǹṣì 34 á fi íǹṣì 35 tí ọrùn rẹ̀ ń mì sílẹ̀. Íǹṣì 35 sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: fret 1 sí 4 jìnnà síra sí i, kì í sì í ṣe gbogbo páálí okùn ló gùn tó o. Ní ti íǹṣì 30 àti 32, ẹ má fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rà bí B bá jẹ yín lógún. Okùn náà máa ń rọ̀ jù lórí wọn.

Àwọn tó ń tajà máa ń sọ pé bí okùn bá gba inú igi kọjá láti ẹ̀yìn, B á le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí okùn kan ṣe máa le tó ní ohùn kan, ìwúwo rẹ̀ àti gígùn tó ń gbọ̀n ló ń pinnu rẹ̀. Ohun tó bá wà lẹ́yìn saddle kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ má san àfikún owó torí ìyẹn.

Ọrùn gìtá ló yẹ kí ẹ náwó lé. Ọrùn tí wọ́n fi igi mẹ́ta tàbí márùn-ún lẹ̀ pọ̀ kì í sábà yí bíi ti igi kan ṣoṣo, olókùn márùn-ún sì nílò rẹ̀ torí pé okùn márùn-ún ló ń fà á. Ẹ wo ibi tí ọrùn ti wọ inú ara gìtá. Bí bébà bá lè wọlé sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀, kò burú. Bí owó ẹyọ bá lè wọ̀ ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dán B wò

Ẹ má tíì so ó mọ́ amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ túùnù gbogbo okùn. Tuner kéékèèké tí a ń há mọ́ orí gìtá kì í sábà gbọ́ B dáadáa torí pé ohùn náà ti wálẹ̀ jù fún wọn. Ẹ fi ìka kan okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret 12 gan-an, kí ẹ ta harmonic rẹ̀, òun ni kí ẹ fi túùnù.

Bí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́ B, ẹ tẹ́tí sí nut. Bí okùn bá ń ta "pín-ìn" tí ohùn sì ń fò lójijì, ojú tí wọ́n gé fún B ti há jù. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára gìtá tí kò wọ́n. Ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa: okùn B yẹ kó jókòó sínú ojú rẹ̀ débi pé ìdajì ìnípọn rẹ̀ wọlé, ìdajì kejì yọ síta. Bí ó bá jókòó sókè bí ẹni tó gun orí odi, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò wọlé rárá, B tí a kò tẹ̀ kò sì ní dún mọ́lẹ̀ láé. Fáìlì tó tọ́ lè tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí náà kì í ṣe ìdí láti kọ gìtá tó dáa. Ìdí láti dínwó ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé etí lé apá òkè ara gìtá, kí ẹ ta B lásán pẹ̀lú agbára tí ẹ máa ń lò nígbà orin. Ohun tí ẹ ń wá ni ohùn kan tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tó dúró, tó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ kò fẹ́ ni "gbọ̀" tó kú lójú ẹsẹ̀, tàbí ohùn tó ga nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ta á tó wá ń rọra jábọ́ sí B.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ló kàn. Ẹ tẹ fret 5 lórí B, E lẹ máa gbọ́. Kí ẹ ta okùn E lásán tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Àwọn méjèèjì ò lè dọ́gba pátápátá, torí okùn tó nípọn máa ń ṣókùnkùn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ìkejì ń kùn nínú àpò. Ẹ tún ṣe é pẹ̀lú A: fret 10 lórí B, fret 5 lórí E, àti A lásán. Bí gìtá bá yege níbẹ̀, ẹ lè máa bá ìyókù lọ. Bí ó bá kùnà, tí okùn rẹ̀ sì ti gbó, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi B tuntun sí i kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Okùn tó ti dúró pẹ́ lára gìtá máa ń pa B ju gbogbo okùn yòókù lọ.

Ẹ wá rin B láti fret 1 dé fret 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ariwo irin bá ti ń jáde ló máa sọ àrùn rẹ̀ fún yín. Bí ó bá jẹ́ okùn lásán nìkan ló ń pariwo, nut ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ fret 1 sí 5, ọrùn ti nà jù, truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn tí a ń yí láti tún un ṣe) lè tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ òkè fret 12 nìkan, ó lè jẹ́ pé saddle wálẹ̀ jù, ìyẹn rọrùn, ó sì lè jẹ́ pé ìparí ọrùn ló gbé orí sókè, ìyẹn sì ná owó. Bí ó bá jẹ́ fret kan ṣoṣo, fret tó tẹ̀ lé e ló ga jù. Kí ẹ sì tún ta gbogbo okùn G láti fret 4 sí 9: agbègbè yẹn ni ibi tí ohùn máa ń kú lójijì pọ̀ sí, kò sì sí àtúnṣe kan tó dájú fún un.

Ìgbà yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá so ó mọ́ amp. Gbogbo bọ́tìnnì ohùn, lára gìtá àti lára amp, kó wà ní àárín. Bí ẹni tó ń tajà bá ti yí bass sókè kí ẹ tó dé, ẹ dá a padà. Amp kékeré tí speaker rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8 kò lè gbé ìgbọ̀n 31 jáde. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni ìlọ́po rẹ̀, 62 àti 93, etí ló máa parí ìyókù. Nítorí náà, ẹ má tìtorí amp kékeré kọ gìtá sílẹ̀. Ẹ so olókùn márùn-ún mìíràn mọ́ amp kan náà, kí ẹ fi wọ́n wéra.

Rúlà, òṣùwọ̀n àti ara yín

Ẹ mú rúlà dání. Ẹ wọn láti àárín okùn B dé àárín okùn G níbi bridge, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí mílímítà 66, àlàfo okùn jẹ́ 16.5; Ibanez SR olókùn márùn-ún máa ń wà níbẹ̀. Mílímítà 70 jẹ́ 17.5, ti StingRay 5 nìyẹn. Mílímítà 76 jẹ́ 19, èyí tí ẹni tó ti ń ta Jazz Bass olókùn mẹ́rin ti mọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń slap, ìyẹn fífi àtàǹpàkò gbá okùn, kí ẹ má lọ sí ìsàlẹ̀ 18, torí àtàǹpàkò á máa kọ lu okùn méjì. Bí ìka méjì lẹ fi ń ta, 16.5 á fún yín ní ọrùn tó tín-ín-rín, ọwọ́ òsì á sì dúpẹ́.

Bridge ni kí ẹ tún fara balẹ̀ wò. Saddle tí B jókòó lé ló sábà máa ń wà lẹ́yìn jù, torí okùn tó nípọn nílò gígùn díẹ̀ sí i kí fret 12 rẹ̀ tó bá a mu. Ẹ ta harmonic fret 12, kí ẹ wá tẹ fret 12 gan-an. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju harmonic lọ, saddle gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn. Bí síkúrúù rẹ̀ ti lọ débi tí spring inú rẹ̀ ti há pátápátá, tí ohùn sì ṣì ga, bridge náà kò ní ààyè tó. Ẹ lè gé spring náà kúrú, tàbí kí ẹ lo okùn B tí wọ́n mú ìdí rẹ̀ tín-ín-rín níbi saddle. Àmọ́ orí okùn tuntun ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò yìí. Okùn gbígbó máa ń purọ́.

Ní ti ìwúwo, kílò 4 sí 4.5 dáa. Èyí tó bá ju kílò 5 lọ, wákàtí kejì ni èjìká á sọ èrò rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́rùn pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ òsì. Kọ́kọ́rọ́ márùn-ún ló wà lórí gìtá, wọ́n sì wúwo. Bí orí rẹ̀ bá já lọ sílẹ̀, ọwọ́ òsì yín ni yóò máa gbé e ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ta á. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í yọ̀ lè dín in kù, kò lè mú un kúrò.

Pickup, bátìrì àti ariwo

Gìtá active ní preamp (ẹ̀rọ kékeré inú gìtá tó ń mú ohùn lágbára) tó ń lo bátìrì volt 9, passive kò ní. Preamp olówó pọ́ọ́kú kì í sọ B tí kò dáa di èyí tó dáa. Ó kàn ń fi bass bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí gìtá náà bá ní bọ́tìnnì tó ń pa preamp, ẹ pa á kí ẹ dán B wò láìsí i. Bọ́tìnnì yẹn wúlò lọ́nà mìíràn: bátìrì tó kú láàárín orin á sọ gìtá active tí kò ní in di igi lásán. Ihò tí wáyà ń wọ̀ ni swítìṣì bátìrì náà, nítorí náà bí wáyà bá wà lára gìtá mọ́jú, bátìrì ń jó lọ. Ẹ ṣí ilé bátìrì wò. Ìdérí rẹ̀ tó ti ṣẹ́ ò tó nǹkan. Ìpàǹtí aláwọ̀ ewé lára irin inú rẹ̀ ni ká bẹ̀rù.

Fún ẹni tó ń ra gìtá àkọ́kọ́ lówó kékeré, passive la máa kọ́kọ́ gbà nímọ̀ràn. Nǹkan tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kéré, owó tí wọn ì bá ná sórí preamp sì lè lọ sára igi àti pickup.

Humbucker, pickup tí wáyà wíwé inú rẹ̀ jẹ́ méjì, kì í kùn. Single-coil, tí tirẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, máa ń kùn bí ẹ bá lo ọ̀kan nìkan, ṣùgbọ́n lára gìtá onírú Jazz, bí ẹ bá ṣí volume méjèèjì dé òpin, kíkùn náà máa ń pa ara rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kùn, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ fọwọ́ kan bridge, ó ṣeé ṣe kí àbò inú rẹ̀ má pọ̀ tó. Bí ó bá pariwo sí i nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ti já. Ẹ wo bóyá okùn B gba orí magnet kọjá, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yà síta, ohùn rẹ̀ á máa kéré ju ti ìyókù lọ, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè wò ó sàn.

Àwọn orúkọ tó yẹ kí ẹ wá lọ wò

Yamaha TRBX305 jẹ́ íǹṣì 34, humbucker méjì, active, ó sì ní swítìṣì tó ń yan ohùn márùn-ún tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn kì í sábà yàtọ̀ síra láti ọ̀kan sí ìkejì, ìdí nìyẹn tí a fi dárúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ibanez SR305E fúyẹ́, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó dára fún ọwọ́ kékeré. GSR205 ni àbúrò rẹ̀ tó rọjú jù ú lọ. Squier ní Jazz Bass olókùn márùn-ún nínú ẹ̀yà Affinity, fún ẹni tó fẹ́ ohùn Jazz àti àlàfo okùn tó fẹ̀. Sterling by Music Man Ray5 jẹ́ humbucker kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ máa ń gún orin já, kì í bò mọ́lẹ̀. Cort Action Bass V Plus kì í gbówó lórí, Cort sì ni ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn orúkọ mìíràn ṣe gìtá wọn. Harley Benton jẹ́ ti Thomann ní Jámánì, ó rọjú gan-an, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á, ẹ ò lè dán B rẹ̀ wò ṣáájú, nítorí náà ẹ ka òfin ìdápadà wọn dáadáa. Sire V7 olókùn márùn-ún lé díẹ̀ ju àwọn wọ̀nyí lọ. Preamp rẹ̀ ń lo bátìrì volt 9 méjì, ó sì ṣeé pa.

Ẹ má fi orúkọ nìkan rà. Bí méjì bá wà nílẹ̀, orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹ ta B méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan dún, kí ìkejì má dún.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ti lò ó

Ẹ di gìtá mú bí ìbọn, kí ẹ fojú tọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn láti orí wá sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ B àti ẹ̀gbẹ́ G. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tẹ̀ síwájú tí ìkejì nà, ọrùn ti lọ́. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀, bó ti wù kó rọjú tó. Ẹ tọrọ àyè láti yí truss rod díẹ̀: bí kò bá yí rárá, tàbí tó ń yí láìsí ohun tó ń dì í mú, ẹ ò ní lè tún ọrùn yẹn ṣe mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn nut fún ojú sísán, pàápàá níbi tí awọ ọ̀dà ti là ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi èékánná tẹ̀ lé fret 1 sí 5 lábẹ́ okùn: kòtò kékeré ò burú, kòtò tí èékánná há sí fi hàn pé fret ti tó pààrọ̀, iṣẹ́ yẹn sì lè gba owó tó pọ̀ lára iye tí ẹ fi ra gìtá.

Volume tó ń ha gààgàà nígbà tí ẹ ń yí i, ọṣẹ ìfọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń fọ́n sí i máa ń tó o. Ihò wáyà tó ń mì, ẹ lè dì í. Ìwọ̀nyí wà fún ìdínwó.

Owó tó yẹ kó kù, àti ohun tí ẹ máa fi ṣe

Ẹ pín owó yín sí mẹ́wàá, kí ẹ ra gìtá pẹ̀lú mẹ́jọ. Méjì tó kù, okùn tuntun kan àti títún un ṣe ló wà fún. Gìtá olówó díẹ̀ tí wọ́n tún ṣe dáadáa máa ń lé eléyìí tó wọ́n jù ú lọ tí wọn ò fọwọ́ kàn wọlé.

Ẹ ra okùn 0.045 sí 0.130. Nígbà tí ẹ bá ń fi B sí i, ẹ má gé e kó tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, torí pé lára àwọn okùn kan, irin tí wọ́n wé mọ́ ọn máa ń tú. Ẹ fi gígùn tó lé díẹ̀ ju àlàfo kọ́kọ́rọ́ méjì sílẹ̀, ìyẹn á wé e ní ìgbà méjì. Òwú aláwọ̀ tó wà ní ìparí okùn kò gbọ́dọ̀ gun orí saddle tàbí nut. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti túùnù rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ B mọ́lẹ̀ ṣinṣin níwájú saddle gan-an, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níwájú nut. B le, kì í tẹ̀ fúnra rẹ̀; ó máa ń ré kọjá lórí saddle bí afárá. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbọ́ pé ohùn rẹ̀ mọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ sì tún máa rí i pé ó ti rọ̀ díẹ̀. Ẹ tún un túùnù.

Ọrùn ló kàn. Ẹ tẹ B ní fret 1 àti ní fret tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret 8. Mílímítà 0.3 dáa, ìnípọn bébà ìtẹ̀wé mẹ́ta nìyẹn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí truss rod sí apá ọ̀tún. Bí kò bá tó, apá òsì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyíká kan ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró, kí ẹ tún túùnù, kí ẹ tó tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá le jù, ẹ má fagbára yí i.

Lẹ́yìn ọrùn ni saddle. Ní fret 12, àlàfo abẹ́ B yẹ kó wà láàárín mílímítà 2.5 sí 2.8, ti G bíi 2. Okùn B máa ń jù síta ju ìyókù lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ga díẹ̀. Bí ẹ bá mú un wálẹ̀ dé ti G, ariwo irin ni ẹ máa gbọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ta á gidi. Lẹ́yìn gíga ni ìdánwò fret 12 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, fún okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe é ṣáájú, torí pé bí gíga bá yí, òun náà á yí.

Pickup ló kẹ́yìn. Ẹ tẹ B ní fret tó kẹ́yìn, kí ẹ fi nǹkan bíi mílímítà 3 sílẹ̀ láàárín okùn àti pickup, 2.5 fún G. Bí pickup bá súnmọ́ B jù, magnet á máa fa okùn, ohùn á máa mì bí ẹni pé gìtá méjì ń ta á láì túùnù dọ́gba. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mímì náà yóò fi dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ G tàbí kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí okùn márààrún yóò fi dọ́gba létí. Ẹ gbé gìtá náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Okùn tuntun máa ń fà, ọrùn sì máa ń gba ìyẹn mọ́ra díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ tún túùnù, kí ẹ tún wọn fret 8 lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá padà sí ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù: fret 5 lórí B, àti E lásán.